Ọ̀gá Ẹ̀rí-Dà Tó Ń Wádìí Bóyá Omi Wúlò

Tí ẹ bá rí ẹni tí òjò ń pa, tó dúró sójú kan, tó ń bi òjò pé kó mú ẹ̀rí wá pé òjò ni òun, ẹ má pè é ní wèrè. Wèrè a máa sá wọlé nígbà mìíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba ni.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa wádìí bí ará ìlú ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn. Ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ tóbi, tábìlì rẹ̀ tóbi ju méjèèjì lọ. Ohunkóhun tí ènìyàn bá bá a sọ, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "Ẹ̀rí dà?" Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Ẹ̀rí-Dà. Òun rò pé oríkì ni.

Ìyá tó bí i ṣì wà láyé, ó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní òpópónà gígùn kan tí kò ní omi ẹ̀rọ. Ìyá Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn eyín tó ń dùn ún: kò rọrùn láti máa gbé kiri, kò sì ṣeé yọ sọnù.

Nítorí pé ọmọ náà kì í wá sílé, ìyá ló máa ń lọ kí i ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó bá gbogbo òṣìṣẹ́ lórí ìdúró.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà!" Gbogbo wọn pariwo pọ̀ bí Ọ̀gá ṣe wọlé.

"Àárọ̀ kẹ̀? Ẹ̀rí dà?"

Igbákejì rẹ̀ sáré lọ ṣí fèrèsé kí oòrùn lè wọlé. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ni ìnagijẹ ọkùnrin yìí. Bí Ọ̀gá bá sín, òun ló máa ń fọn ikun.

Ọ̀gá wo oòrùn sùn-ùn, ó mi orí. "Ó jọ àárọ̀ lóòótọ́. A gbà á bẹ́ẹ̀ ná."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyá Ọ̀gá ní, "Ọmọ mi, ìwọ ò tiẹ̀ kí mi."

"Màmá, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́nu mi."

Ọ̀rọ̀ ńlá náà rèé. Ìjọba ti ṣe tán láti fa omi ẹ̀rọ dé òpópónà ìyá rẹ̀, àtọ̀tún àtòsì. Páìpù ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni kí Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé pé omi dára fún ará ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti fi omi ṣan ẹnu lónìí nínú yín lè buwọ́ lù ú. Ọ̀gá kọ̀. Ipò Olùdámọ̀ràn Àgbà fún Olórí Ìjọba ṣófo, ó sì ti ń lá a lálàá. Ẹni tó kàn sọ pé omi dára, ta ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ó ní láti ṣe ìwádìí tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó dìde, ó fọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì bí ẹni fẹ́ gbé e fò.

"Ẹ̀yin onímọ̀! Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti wà ló ti ń mu omi. Ta ló wádìí rẹ̀? Wọ́n kàn ń mu ún ni! Baba mu ún, ọmọ mu ún, kò sẹ́ni tó bi omi léèrè pé kí ló wá ṣe! Àwa ni a ó bi í. A ó pín òpópónà yẹn sí méjì. Apá kan yóò ní omi ẹ̀rọ, apá kejì kò ní ní. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá kásẹ̀ nílẹ̀, a ó fi wọ́n wé ara wọn. Tí àwọn olómi bá sàn ju àwọn aláìlómi lọ, a jẹ́ pé omi wúlò. Tí wọn kò bá sàn jù wọ́n lọ..." Ó wo àjà ilé bí ẹni tí ilẹ̀kùn ọ̀run ṣí fún.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí, kò tíì mọ ohun tó ń gbà sí.

Obìnrin òṣìṣẹ́ kan nawọ́ sókè lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe ọ̀nà kan ni wọ́n fi ń wádìí ènìyàn. Èèyàn lè ka orí wọn, èèyàn sì lè jókòó tì wọ́n, kó gbọ́ tẹnu wọn. Irú èyí, ṣé kò ní dáa ká kọ́kọ́..."

"Tẹnu wọn?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. "Ẹnu tí wọ́n fi ń jẹun, tí wọ́n fi ń purọ́? Nọ́ńbà kì í purọ́! Ẹni tó bá fẹ́ràn à ń jókòó ti nǹkan, kó lọ jókòó ti àwọn àga inú yàrá ìpàdé." Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé e lọ. Ó ń ka àga.

Ọ̀gá fa owó ẹyọ yọ. "Kẹ́nikẹ́ni má baà ní mo ṣojúsàájú, èyí ni yóò yan apá tó máa lómi." Ó jù ú sókè. Owó ẹyọ bọ́ sílẹ̀, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà dọ̀bálẹ̀ tì í láti wò ó. Apá òsì ló mú omi.

Ìyá Ọ̀gá dìde. "Apá ọ̀tún lèmi ń gbé."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀, o wá ṣe báyìí?"

"Owó ẹyọ kò mọ ìyá ẹni. Ohun tó ń jẹ́ ìwádìí nìyẹn."

"Nígbà tí mo fẹ́ lóyún rẹ, ṣé tẹ́tẹ́ ni mo kọ́kọ́ ta?"

"Ẹ rọ́jú, Màmá. Tí mo bá di Olùdámọ̀ràn Àgbà, n ó kọ́lé fún yín."

"Ilé tó lómi?"

"Ìyẹn dọwọ́ àbájáde ìwádìí."

Bí wọ́n ṣe fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí àárín títì nìyẹn, tí wọ́n fi ọlọ́dẹ kan ṣọ́ ọ. Òfin sì jáde: ará òsì tó bá fún ará ọ̀tún lómi, wọn yóò gé omi rẹ̀, nítorí pé ó ti ba ìwádìí jẹ́. Ọ̀gá tilẹ̀ fẹ́ fòfin de kí wọ́n máa kíra wọn láti apá kan sí èkejì. Ó ní itọ́ a máa ta sí ènìyàn lára nígbà ìkíni, omi sì ni itọ́. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìyẹn sílẹ̀ di ìwádìí mìíràn.

Ohun tí Ọ̀gá kò wò, nítorí kò sí lára ohun tó ń kà, ni pé ìlà ọ̀dà kò gé ẹbí. Ọmọ wà lósì, ìyá wà lọ́tùn-ún. Ìyàwó kúrò lọ́tùn-ún lọ sílé ọkọ lósì. Àwọn tó jà lánàá wà lódìkejì ara wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ríra kí wọ́n tó lè máa bá ìjà wọn lọ.

Ẹni tó kọjú sí Ìyá Ọ̀gá gan-an lápá òsì ni obìnrin kan tó ń fọṣọ fún ilé ìtura àti ilé ìwòsàn. Ìyá Alágbàfọ̀ là ń pè é. Tẹ́lẹ̀, orí ló fi ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn, ọrùn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà. Omi ẹ̀rọ yìí ló sọ iṣẹ́ rẹ̀ di iṣẹ́. Tí wọ́n bá gé e, ó ti jókòó sílé nìyẹn, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kànga apá ọ̀tún gbẹ. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ìlà, ó ń wo Ìyá Ọ̀gá.

"Ìyá Ọ̀gá, ètè yín mà ti sán bí ilẹ̀ oko."

"Ìwádìí ni mò ń ṣe."

"Ẹ̀yin kọ́. Ìwádìí ló ń ṣe yín."

Ìyá Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ya, ó pa ẹ̀rín náà mọ́ra.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ọpọ́n ńlá rù, ó kọrí sápá ọ̀tún. Ọlọ́dẹ na ọ̀pá dí i lọ́nà.

"Ìyá, ẹ dúró. Omi nìyẹn."

"Aṣọ ni."

"Ó ń ro tótó."

"Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, eruku lo fẹ́ kó máa ro? Apá ọ̀hún loòrùn wà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ sá a sí. Wo òfin ẹ dáadáa, ṣé wọ́n dárúkọ aṣọ tútù níbẹ̀?"

Ọlọ́dẹ ronú títí. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá kúrò.

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ọ̀gá ló gbà lọ. Aṣọ ibùsùn tó mọ́ tónítóní ni, inú omi ẹ̀rọ ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, ọṣẹ kò kàn án. Ìyá Ọ̀gá di igun kan mú, Ìyá Alágbàfọ̀ di èkejì, wọ́n fún un bí ẹni ń lọ́ okùn. Omi dà ṣùà sínú agbada tó wà nílẹ̀. Ìyá Ọ̀gá bọ́jú. Ó tún bọ́jú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi omi ṣòfò.

"Tí èyí bá jáde lẹ́nu yín fún ọmọ yín," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, "iṣẹ́ mi parí nìyẹn o."

"Ẹnu mi ti dí. Ọlọ́run gbọ́."

Kò pẹ́ tí gbogbo apá òsì fi di alágbàfọ̀. Omi mímu gba inú ìkòkò olómorí kọjá, wọ́n ní ọbẹ̀ aláìsàn ni. Aṣọ ibùsùn tó ń sọdá lójúmọ́ sì pọ̀ ju ibùsùn tó wà ládùúgbò lọ. Ọlọ́dẹ rí i. Apá ọ̀tún ni òun náà ń gbé, ìyàwó rẹ̀ sì ti ra aṣọ ibùsùn kún tilé.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀gá wá bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọmọkùnrin kan tó wọ táì jókòó síwájú Ìyá Ọ̀gá.

"Màmá, ṣé ẹ wẹ̀ lánàá? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ọmọ mi, bí mo ṣe wẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀..."

"A ò bi yín bí ẹ ṣe wẹ̀, Màmá. Kò sáyè fún un."

"Ó dáa. Mo wẹ̀."

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín?"

"Rárá."

"Ṣé aṣọ yín mọ́?"

"Ṣebí òun ni mo wọ̀ yìí. Wò ó."

"Ẹ má jẹ́ kí n wò ó, Màmá. Ìdáhùn yín ni wọ́n ní kí n gbà. Tí mo bá wò, èrò tèmi ti wọ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà kó àbájáde lọ bá Ọ̀gá. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì. "Apá ọ̀tún tilẹ̀ mọ́ jù, sà." Òótọ́ ni. Àárẹ̀ aṣọ fífún kò jẹ́ kí apá òsì rójú tọ́jú ara wọn.

Ọ̀gá gbá tábìlì. "Omi kò wúlò!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Èmi gan-an ti ń fura sí omi láti kékeré." Ó sì da èyí tó wà nínú ife rẹ̀ nù sójú fèrèsé.

Ọ̀gá sọ pé òun yóò gba Olórí Ìjọba nímọ̀ràn kó ti gbogbo ẹ̀rọ omi ìlú pa, kó hú páìpù, kó tà á. Ìròyìn náà kan Ìyá Ọ̀gá níbi tó ti ń sá aṣọ. Kò dúró wọ bàtà tó bára mu. Ó dé ọ́fíìsì.

"Ọmọ mi, tí ìkòkò bá kún nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ṣé o ò ní béèrè ẹni tó pọnmi sí i?"

"Ìkòkò kọ́ ni mò ń wádìí, Màmá. Ènìyàn ni."

"Ènìyàn náà ni mò ń wí. Bi mí. Sọ pé, Màmá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Tí mo bá bi yín, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ti wọ̀ ọ́, ìwádìí bàjẹ́. Olùwádìí gbọ́dọ̀ takété sí nǹkan tó ń wádìí."

"Mo ti di nǹkan?"

Ó ti ń wo aago. Ìyá Ọ̀gá jáde. Tó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò gé omi Ìyá Alágbàfọ̀. Tó bá dákẹ́, wọn yóò gé ti gbogbo ìlú.

Ọjọ́ àpéjọ pé. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n fi Ìyá Ọ̀gá síwájú bí ọjà tí wọ́n pàtẹ. Ará òpópónà rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, wà lẹ́yìn láti pàtẹ́wọ́. Olórí Ìjọba jókòó sórí pèpéle. Òfin láti ti ẹ̀rọ omi pa wà níwájú rẹ̀, ìwé tó máa sọ Ọ̀gá di Olùdámọ̀ràn Àgbà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo lè kọ, ọwọ́ a máa ro èèyàn. "Ẹja ló ṣi ọmọ ènìyàn lọ́nà!" ni ó wí. "Ó rí ẹja nínú omi, ó rò pé omi náà tọ́ sí òun! Èmi, tí ìmọ̀ gbà lálejò, mo ti gé ẹ̀wọ̀n omi kúrò lọ́rùn aráyé! Ẹ wo ìyá mi. Odidi ọ̀gbẹlẹ̀ kan láìlómi. Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà tọ́ka sí i kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń dán.

Olórí Ìjọba, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni? Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa bi í báwo. Ìyá Ọ̀gá wo ọmọ rẹ̀. Òógùn ti bo ètè òkè ọkùnrin náà, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀ bí ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ. Àánú ṣe é. Ìyá ni.

"Òótọ́ ni, Olórí wa. Ọmọ mi ní kí n má lo omi, n ò lo omi. Atẹ́gùn ni mo fi ń wẹ̀."

Gbọ̀ngàn mì. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà sunkún, ó fi ọwọ́ nù ún kíá kó má baà di omi. Olórí Ìjọba ṣí gègé. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tì í pa. Òpópónà yẹn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

"Háà!"

Láti ẹ̀yìn ni. Ìyá Alágbàfọ̀ ni, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ìyá Ọ̀gá yíjú padà, ó rí i tó fọwọ́ bo ẹnu. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti bó, ó funfun, aṣọ fífún ti jẹ ẹ́ dé ẹran ara.

"Ẹ dúró!" ni Ìyá Ọ̀gá wí. "Irọ́ ni mo pa. Mo wẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń wẹ̀, omi sì ni mo fi wẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí mo tiẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi lásán, torí pé ó wù mí."

"Màmá, ẹ jókòó!" Ọ̀gá nawọ́ sí àga ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ̀rí! Ẹnìkan ṣoṣo ni yín! Ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo kò lè dojú ìwádìí dé!"

"Ẹnìkan ṣoṣo náà ló bí ọ."

Ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba àárín àga lọ, ó dé orí pèpéle.

"Ìyá," ni Olórí Ìjọba wí, "ta ló fún yín lómi?"

"Ìyẹn ni n ò ní sọ. Ẹ gé ọrùn mi."

Ìyá Alágbàfọ̀ dìde. "Èmi ni. Kí wọ́n wá gé omi mi, kó tán." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde: "Èmi náà wà níbẹ̀." Gbogbo apá òsì bá dìde, àga ń han gooro. "Àwa la mu ún," ni apá ọ̀tún wí, àwọn náà dìde. Ọlọ́dẹ ní òun kò fúnni lómi, ṣùgbọ́n òun wòran dáadáa.

"Ẹ ti ba ìwádìí mi jẹ́!" Ọ̀gá ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ta ló sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fẹ́ràn ara yín?"

Olórí Ìjọba rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Nígbà tó nù ún tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìwọ fi òùngbẹ jẹ ìyá rẹ níyà odidi ọ̀gbẹlẹ̀ kan, kí o lè mọ̀ bóyá omi dára?"

"Sà, tẹ́ ẹ bá fún mi ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan sí i, pẹ̀lú odi dípò ìlà..."

Wọn kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Olórí Ìjọba ya ìwé méjèèjì. Ó ní kí wọ́n fa omi sápá ọ̀tún, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan omi apá òsì. Ó ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì àti ti ilé ìjọba lọ́wọ́ Ọ̀gá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí fún Olórí Ìjọba. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de kọ́kọ́rọ́ náà.

Ibo ni ọkùnrin tí kò nílé mọ́ máa ń lọ? Ó kó àpótí dé pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún un, kò bú u, kò sì bá a kẹ́dùn. Àwọn afapáìpù ti ń gbẹ́lẹ̀ lápá ọ̀tún, omi kò tíì dé. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà fẹ́ wẹ̀.

"Korobá nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìyá Alágbàfọ̀ nìyẹn lódìkejì."

"Màmá, ẹ bá mi lọ tọrọ rẹ̀."

"Mo ti tọrọ tèmi."

Ó gbé korobá, ó sọdá. Ojú gbogbo òpópónà wà lára rẹ̀. Ó dúró níwájú Ìyá Alágbàfọ̀, ó túnra ṣe, ó wú ikọ́.

"Ìyá, lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò fínnífínní lórí ipò tí mo bá ara mi, àti ní ìbámu pẹ̀lú bí ohun gbogbo ṣe..."

Ìyá Alágbàfọ̀ gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ó ṣí i. Ariwo omi bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ó ń sọ ti àwọn ọ̀tá, ó ń sọ ti bí wọ́n ṣe ṣi òun gbọ́, ó ń sọ ti ohun tí òun ì bá ṣe. Obìnrin náà ti ẹ̀rọ pa.

"Ó ti kún."

"Ọ̀rọ̀ mi kò tíì parí."

"Mo mọ̀. Omi ló ti kún."

Ó gbé e. Kò pọnmi rí láyé rẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ìdajì ti dà sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ tútù náà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Padà lọ bu òmíràn," ni ó wí. "Wọn ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan."